Ohun Tí Maṣíìnì Ẹrù Ìyàwó Kọ́ Mi Nípa Ọjà Kọ̀ǹpútà

Ìtóro,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi.

Adérónkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara wa yá níhìn-ín o. Bàbá rẹ ń jẹun dáadáa, orúnkún mi ló ń ro mí bó ti máa ń ṣe nígbà òjò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tètè sọ ìyẹn kí o má bàa máa wá a kiri nínú lẹ́tà yìí, nítorí ó máa gùn. Fún ọmọ lóúnjẹ ná, kí o jókòó dáadáa, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mi ò kọ irú rẹ̀ sí ọ rí, kò sì dá mi lójú pé ọwọ́ mi á tún gbà á láti kọ òmíràn.

O ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Èkó fẹ́ kí o fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, kí o wá ṣe olórí àwọn tí yóò máa ta ọjà wọn láti Ìjẹ̀bú níhìn-ín títí dé Oǹdó. O ní wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Ọkọ rẹ ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìwọ ò ní gbé ẹsẹ̀ àfi bí àwa méjèèjì bá gbà. Mo dúpẹ́ pé o bi wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí, ó dìgbà tí wọ́n bá ti ṣe tán kí òbí wọn tó gbọ́, tí wọ́n á wá máa pè é ní ìyàlẹ́nu ayọ̀.

Bàbá rẹ kọ́kọ́ fárígá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Kí ló kọlu ọmọ yìí? Báńkì ti fún un nípò, owó ìfẹ̀yìntì ń dúró dè é níwájú, ó wá fẹ́ lọ máa ta ẹ̀rọ tí iná bá ti lọ tó ń kú?" O mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí kò bá ní owó ìfẹ̀yìntì, eré ọmọdé ni lójú rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò ní ipò ọ̀gá ilé ìwé, síbẹ̀ bí a bá ń jẹun, ó ń wo aago bí ẹni pé agogo ìwọlé fẹ́ lù.

Mo ní, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ má gbàgbé pé ọjà ni mo fi ti owó oṣù yín lẹ́yìn tí ọmọ yìí fi kàwé dé ibi tí báńkì fi rí i gbà."

Ó gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú. Mo ti rò pé inú ló ń bí i, àfi bó ṣe sọ pé, "Ó dáa. Ìwọ lo mọ ọjà. Wádìí ẹ̀. Bó o bá ní kó lọ, kó lọ. Bó o bá ní kó dúró, kó dúró. Mi ò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sí mi lọ́rùn nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò sì fẹ́ fi ẹnu lásán dá ọ lóhùn, ìdí nìyẹn tí o fi ń retí lẹ́tà mi láti ọjọ́ yìí.

Mo wo ìwé tí ilé iṣẹ́ náà kọ, èyí tí o fi ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, bàbá rẹ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, tó ń pòṣé láàárín. Wọ́n ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà yóò máa gbòòrò lọ́dọọdún, pé kò ní sí ilé iṣẹ́ ìjọba, báńkì, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tí kò ní ra tirẹ̀. Wọ́n wá fa ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé, tó ń gòkè, tó ń gòkè, títí ó fi fẹ́ jáde lórí ìwé. Mo wo ìlà yẹn dáadáa. Kò tẹ̀ níbì kankan, kò sinmi. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹni tó fa ìlà yìí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tajà rí.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé maṣíìnì ìránṣọ ni mo ń tà kí a tó bí ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ fi là, ìtajà náà ti tòrò, o ò sì mọ ohun tí ojú mi rí kó tó tòrò.

Láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyàwó tó ń re ilé ọkọ ní Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ ní maṣíìnì nínú ẹrù rẹ̀ bí apá àwọn òbí rẹ̀ bá ká a. Wọ́n á gbé e ru ọmọbìnrin kan tí ọrùn rẹ̀ gbó, òun ni yóò sì ṣíwájú, kí gbogbo àdúgbò lè rí i pé ilé dáadáa ni ìyàwó ti wá. Àpótí aṣọ á tẹ̀lé e, abọ́ àti ìkòkò á tẹ̀lé àpótí. Bí kò bá sí maṣíìnì níwájú, àwọn obìnrin ilé ọkọ á máa wo ẹ̀yìn títí bóyá ó ṣì ń bọ̀. Ìyá mìíràn á ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ kí ojú má bàa ti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbogbo àwa tí a ń ta maṣíìnì ní Ìtóro, ara wa yá gágá. Bí àsìkò ìgbéyàwó bá dé, a kì í rí àyè jẹun. A máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù bí ilẹ̀ bá ń ṣú, a ó máa sọ pé ọjà yìí ò lè kú láéláé, nítorí kò sí ọdún tí ọmọbìnrin ò ní í wọ ilé ọkọ. Bí wọ́n bá ní ká fa ìlà tiwa nígbà yẹn, ì bá ga ju ti àwọn ará Èkó wọ̀nyí lọ. Èmi gan-an ló gba ọjà jù. Mo kó o kún ṣọ́ọ̀bù, mo kó o kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tò ó dé yàrá tí a ń sùn, bàbá rẹ á sì máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá a bó bá ń lọ wẹ̀ láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjà kú. Kò kú díẹ̀díẹ̀, ó kú fin-ín-fin-ín. Ìdílé ńlá kan gbé fíríìjì ṣíwájú ẹrù ìyàwó tiwọn, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ìlú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé maṣíìnì ṣíwájú dà bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ń lọ. Wọ́n ń gbé fíríìjì lọ sí abúlé tí iná ò tíì dé. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ń kó gèlè àti bàtà sínú tiwọn, wọ́n sì ní kòkòrò kì í débẹ̀. Maṣíìnì tèmi wà nílẹ̀ gbalaja, kò sẹ́ni tó bi mí ní iye rẹ̀.

Nígbà tí jíjókòó sú mi, mo mú òwú àti abẹ́rẹ́ díẹ̀ sínú agbọ̀n, mo lọ ń kiri ilé àwọn tí mo ti tà á fún. Mo rò ó pé bí wọn ò bá tilẹ̀ ra maṣíìnì mọ́, wọ́n á ra abẹ́rẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Imusin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Délé. Èmi ni mo ta maṣíìnì ẹrù ìyàwó rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Délé sì ti ń sáré kiri àgbàlá nígbà yẹn. Mo rí maṣíìnì náà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n to àwo tánganran sórí ìdérí náà, wọ́n gbé fọ́tò ìgbéyàwó sáàárín.

Mo ní, "Ìyá Délé, ṣé ó ń rán dáadáa?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń rán an? Mi ò tiẹ̀ mọ ojú ibi tí wọ́n ń ki òwú bọ̀. Ìyá mi rà á kójú má bàa tì wá ni."

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ọdún tí mo fi ń yọ̀ pé àwọn aránṣọ ń pọ̀ sí i ní Ìjẹ̀bú, àwọn tó ń gbéyàwó ni mo ń kà. Ẹni tó ń gbéyàwó ra ẹyọ kan, ó parí síbẹ̀. Ẹni tó ń ránṣọ lá máa padà wá: abẹ́rẹ́ á ṣẹ́, òwú á tán, òróró á gbẹ, awọ tó ń yí ẹsẹ̀ maṣíìnì á já, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á gba òmìnira, á sì fẹ́ ní tirẹ̀. A ti ṣi àwọn méjèèjì mú fún ara wọn, gbogbo wa pátá, kò sí ẹni tó gbọ́n ju ẹnì kejì lọ nínú wa.

Mo ní kí Ìyá Délé kó àwo rẹ̀ kúrò. Mo ṣí ìdérí, mo nu eruku, mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo sì ní kó wá jókòó. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí abẹ́rẹ́ má gún òun lọ́wọ́. Mo ní, "Yóò gún ọ, gbogbo wa ló ti gún." Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti rán etí ìrọ̀rí kan, ó wọ́, ṣùgbọ́n ó lẹ̀. O ò rí ayọ̀ ojú rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé náà gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n rọ́ wọlé, ọ̀kan nínú wọn ní òun náà ní tòun lábẹ́ ibùsùn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. O rò pé ìfẹ́ àánú ni mo fi ń ṣe é nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé màmá mi ń kọ́ àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò já ọ nírọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn ló gbé ọjà mi dìde. Ó pẹ́ o. Kò sáré. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ tà, lẹ́yìn náà òwú, lẹ́yìn náà wọ́n ń gbé èyí tó bàjẹ́ wá fún àtúnṣe, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra maṣíìnì tuntun. Èyí tí wọ́n rà nígbà yẹn, kò sí àwo tánganran lórí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá rẹ ní kí n wádìí, mi ò béèrè iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tà. Mo lọ wò ó bóyá wọ́n ti kó àwo lé e lórí.

Mo gbọ́ pé ọ́fíìsì kan ní ìgboro níhìn-ín ra ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo mọ akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin ìjọ wa kan ni, ó sì mú mi wọlé nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ jáde. Yàrá náà tutù, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì sí i. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì gíláàsì, wọ́n rán léèsì funfun bò ó, ọwọ́ tó rán an mọ iṣẹ́. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí i wà lára ògiri: àlùfáà ń gbàdúrà, ọ̀gá di sísọ́ọ̀sì mú. Ọmọbìnrin náà padà sídìí tábìlì tirẹ̀, ó ń fi taipuráítà tẹ ìwé lọ ràì.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò fi èyí tẹ̀ ẹ́?"

Ó ní, "Hà, Mama, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ọ̀gá ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Wọ́n ní bí a bá tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo ẹ̀ ló máa pa rẹ́."

"Ọ̀gá ńkọ́, ṣé òun mọ̀ ọ́n lò?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n máa ń tàn án bí àlejò bá wá."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Lójú ìwé ilé iṣẹ́ tìrẹ, ọ́fíìsì yẹn wà lára ìlà tó ń gòkè. Lójú tèmi, ẹrù ìyàwó ni.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ǹ bá ti kọ̀wé sí ọ pé kí o jókòó sí báńkì rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ fún mi pé tọkọtaya kan ní Ayépé tí wọ́n ń lọ oúnjẹ adìyẹ tà náà ní ọ̀kan, mo sì wọ mọ́tò lọ. Màmá Tólú ni wọ́n ń pe ìyàwó. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan. Àbẹ̀kẹ́, mi ò tètè mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Ìyẹ̀fun àgbàdo ti bò ó, ó ti di aláwọ̀ ìyeyè. Lẹ́tà ojú àwọn bọ́tìnnì kan ti pa rẹ́, wọ́n sì fi aṣọ àlòkù nù ún ní àárín níbi tí wọ́n ń wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé.

"Ẹ má wo ìdọ̀tí ẹ̀ o, Mama," ó ní. "Òun ló ń jẹ́ kí n rójú sùn. Bí àgbàdo bá wọ́n lónìí, mo ní láti dín in kù nínú àpòpọ̀, kí n fi nǹkan míì dí i, kí adìyẹ àwọn èèyàn má bàa ṣíwọ́ yíyé ẹyin. Pẹ́ńsù ni mo fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, orí mi á fẹ́ fọ́. Báyìí, mo kàn ń tẹ iye àgbàdo sí i ni."

Mo bi í bóyá ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ó yọ wá lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ó kú pátápátá. Bàbá Tólú gbé e lé itan dé Èkó bí aláìsàn, wọ́n sì dá a dúró lọ́hùn-ún fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí ibí, ẹ mú un wá fún mi. Iye tó bá pè é ni mo máa san, mi ò ní ná an."

Ọmọ Ìjẹ̀bú ló sọ pé òun ò ní ná ọjà! Ibẹ̀ ni etí mi ti dìde. Mo bi í bóyá ẹlòmíràn tún fẹ́ irú rẹ̀ ládùúgbò. Ó ní oníṣòwò pákó kan máa ń wá jókòó tì í, á máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á nítorí kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní èdè tó gbọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo rí rèé. Ọjà kọ̀ǹpútà máa dàgbà ní Nàìjíríà. Mi ò ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n kò ní dàgbà bí ìlà yẹn ṣe wí. Yóò kọ́kọ́ tà wàràwàrà fún àwọn tó fẹ́ gbé e ṣíwájú ẹrù, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tà á á máa yọ̀. Lẹ́yìn náà yóò kú, àwọn ọ̀gá á rí nǹkan mìíràn tó ń dán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tà á á kógbá sílé nígbà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí tiyín wà lára wọn. Èyí tó máa ṣẹ́kù ni ti Màmá Tólú àti oníṣòwò pákó. Òun náà ló máa wá di ńlá. Bí o bá máa lọ, ibi tí ìyẹn wà ni kí o dúró sí, kí àkókò tí ọjà bá kú má bàa bá ọ lójijì.

Báwo ni wàá ṣe dúró síbẹ̀? Fetí sílẹ̀.

Èkíní, bí o bá ta ọ̀kan, má tíì yọ̀. Padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí o bá bá a pẹ̀lú léèsì, o ò tíì ta nǹkan kan. Wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ: bébà, ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ohunkóhun tí wọ́n ń pe abẹ́rẹ́ àti òwú tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ra ìyẹn lemọ́lemọ́, ibẹ̀ ni ọjà rẹ wà.

Èkejì, sọ òtítọ́ nípa iná. Má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Oǹdó pé iná ìjọba tó o. Sọ fún un kó tó sanwó pé yóò nílò jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí iná ṣẹ́jú sí i. Àwọn kan á torí ẹ̀ yí padà. Jẹ́ kí wọ́n yí padà. Èyí tó bá rà á tí iná jó o, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló máa bá ọ jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Ẹ̀kẹta ló tóbi jù, òun ni mo sì fi dè ọ́. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n ṣí ibi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín tí wọ́n á ti máa kọ́ ènìyàn, tí wọ́n á sì ti máa tún ẹ̀rọ ṣe. Kì í ṣe lẹ́yìn tí ọjà bá tà o. Kí ọjà tó tà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ. Bí wọ́n bá ní àwọn á rò ó, rẹ́rìn-ín sí wọn, kí o padà sí báńkì rẹ, nítorí ẹrù ìyàwó ni wọ́n fẹ́ kí o bá wọn tà. Bí wọ́n bá gbà, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀, ó gbẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ lágbára.

Kọ́ wọn ní Yorùbá. Èmi kọ́kọ́ ń ka ìwé tí wọ́n fi sínú páálí maṣíìnì fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń ṣe bí tíṣà, gbogbo wọn ń sùn. Ọjọ́ tí mo ní "ki í bọ ojú ẹ̀, fà á wálẹ̀, tẹ ẹsẹ̀," ni wọ́n jí.

Ẹ̀kẹrin, jáde ní báńkì pẹ̀lú ẹ̀rín. Má sọ fún wọn pé ibi tó dáa jù lò ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo rò. Kó gbogbo nǹkan wọn lé wọn lọ́wọ́, kí o kí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí o mú ẹ̀bùn ilé wa lọ fún un: gààrí Ìjẹ̀bú ni kí o mú, èyí tó kan dáadáa. Mi ò mọ̀ bóyá wàá tún nílò wọn. Ìwọ náà ò mọ̀.

Ó ku èyí tí mi ò mọ ibi tí mo máa fi sí. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún àṣehàn. Mo ti bú wọn nínú lẹ́tà yìí, mo sì fi léèsì wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìyá Ìyá Délé tí kò fẹ́ kójú ti òun, maṣíìnì ì bá má dé Ìjẹ̀bú-Imusin rárá, èmi náà ì bá má rí nǹkan tí mo máa lọ ṣí ìdérí rẹ̀. Ta á fún wọn, kí o bọ̀wọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí o wá bá akọ̀wé wọn sọ̀rọ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá rẹ láàárọ̀ yìí kí a tó lọ sí ìsìn. Ó ń kun bàtà rẹ̀. Mo ní mo gbà kí o lọ, bí ilé iṣẹ́ náà bá gba ohun tí mo là sílẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ pé á ṣe àtakò, bó tilẹ̀ ti ní òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń kun bàtà lọ.

Ó wá ní, "Ṣé iṣẹ́ náà wù ú?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n mú lẹ́tà rẹ wá. A jọ tún un kà, Àbẹ̀kẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. O kọ nípa ọjà, o kọ nípa ipò, o kọ nípa mọ́tò tí wọ́n máa fún ọ, o kọ nípa ohun tí Nàìjíríà máa dà. O ò kọ ọ́ síbì kankan pé ó wù ọ́, bẹ́ẹ̀ ni o ò sọ pé báńkì sú ọ. Èmi tí mo ti rìn dé Ayépé nítorí lẹ́tà náà, mi ò tiẹ̀ kíyè sí i.

Bàbá rẹ gbé bàtà kan sílẹ̀, ó mú èkejì. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n fi mí síṣẹ́ tíṣà, kò sẹ́ni tó bi mí. Bàbá mi ní iṣẹ́ tó dájú ni, mo lọ."

Mo ní, "Ṣé kò wù yín ni?"

Ó ní, "Kò wù mí rí."

Mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Èmi ni mo ń lọ ẹ̀wù tó ń wọ̀ lọ sílé ìwé láràárọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo lọ gbé omi gbígbóná ìwẹ̀ rẹ̀ wá. Títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì tí a tún fi padà, a ò sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, mo sọ ọ́ fún ọ bó ti rí, mo sì sunkún díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọrin.

Nítorí náà, má kọ̀wé bi wá mọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọjà ni mo ti sọ, ó sì lè já sí bí mo ṣe wí, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá wù ọ́, gbà á, kí o lọ, kódà bí ọjà náà bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, àwa wà níhìn-ín. Bí kò bá wù ọ́, bó bá tiẹ̀ fẹ́ kún gbogbo ayé, jókòó sí báńkì rẹ, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí.

Bàbá rẹ ti wọ bàtà. Ó ní òun ò ní rán ènìyàn sí gáréèjì nítorí lẹ́tà yìí, òun fúnra òun ló máa gbé e lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n fi kún un pé òun ló ní kí o lọ bó bá wù ọ́, kì í ṣe èmi.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.